Ọ̀pá tí mo yàn

Nígbà tí mo ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ibi méjì péré ni ẹ ti lè rí mi lálẹ́: ilé ìkàwé, tàbí ilé tí wọ́n ti ń gbá pool. Pool yìí ni gbogbo wa ń pè ní snooker nílé, bẹ́ẹ̀ eré mìíràn ni snooker gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá a ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ George Balabushka sí mi létí. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí Balabushka lọ́dún 1912, ó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1924. Iṣẹ́ igi ló fi ń jẹun ní New York. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá lọ́dún 1959, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń ṣe é fún. Ó kú lọ́dún 1975. Ọdún 16 péré, orúkọ rẹ̀ sì ti borí gbogbo orúkọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n nìyí: apá tó rẹwà jù lára ọ̀pá náà, kì í ṣe òun ló ń ṣe é! Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Brunswick ni Balabushka ti kọ́kọ́ ń ra apá ìdí ọ̀pá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Titlist. Nígbà tó yá, ó ń rà á lọ́wọ́ Burton Spain, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Gus Szamboti. Wọ́n á gbẹ́ igi dúdú àti igi maple ní ṣóńṣó-ṣóńṣó, wọ́n á ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tó kọ́ra, gọ́ọ̀mù á wá gbá wọn mú. Ẹwà tí ojú ń rí nìyẹn.

Kí wá ni ti Balabushka? Ibi tí ojú kì í dé ni. Bí apá òkè ṣe so mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ibi tí ìwúwo rẹ̀ jókòó sí. Òwú ọ̀gbọ̀ Ireland tí wọ́n wé mọ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú, kí òógùn má bàa yọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ ọ̀pá tó dáńtọ́ kì í fá igi rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á fá a díẹ̀, á gbé e kọ́ fún oṣù mélòó kan, kó lè wọ́ bó bá máa wọ́, kó tó tún fá a. Awọ tó wà lórí ọ̀pá náà lóhun tó ń ṣe. Ará Faransé kan, François Mingaud, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19.

Àwọn tó ń gbá pool ní ọ̀rọ̀ kan, “hit.” Ohun tó padà sọ́wọ́ ẹni nígbà tí awọ bá kan bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìró wà nínú rẹ̀, gbígbọ̀n náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń jiyàn títí: ṣé etí ni àbí ọwọ́? Èmi ò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ń gbọ́ ariwo, ó ń gbọ́ òórùn, ó ń gbọ́ èdè. Mo mọ̀ pé a kì í sọ pé a fi ọwọ́ gbọ́ nǹkan, ẹ má bínú, àmọ́ ohun tí bàbá yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 1986 ni fíìmù The Color of Money jáde. Ọ̀pá tí wọ́n pè ní Balabushka nínú rẹ̀, Joss ni. Orúkọ yẹn ni gbogbo ayé wá ń wá kiri lẹ́yìn náà. N ò lè bú ẹnikẹ́ni, torí ohun témi náà ṣe nìyí.

Nígbà tí mo fẹ́ padà wálé lọ́dún 1981, bàbá gbé ọ̀pá méjì jáde. Ó ní kí n fi méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, kí n wá mú ọ̀kan. Ìkíní rí gbọọrọ báyìí, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Káfíńtà àdúgbò kan ló ṣe é. Ìkejì ní ṣóńṣó dúdú mẹ́rin tó ń dán. N ò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Èyí tó ń dán ni mo mú.

Ọyẹ́ kan àti òjò kan ní Ìbàdàn, ó ti tẹ̀ bí ọrun. Mo gbé e lọ bá bàbá mi, káfíńtà lòun náà. Ó fi èékánná ha ṣóńṣó dúdú náà, ó sì ṣí.

“Bébà ni, Dókítà.”

“Wọ́n fún mi ni, Bàbá.”

“Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní?”

N ò dáhùn. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá Amẹ́ríkà pé ọ̀pá náà dáa, pé mo ń gbádùn rẹ̀. Ó fèsì pé inú òun dùn, pé òun ṣì ń fi ìkejì gbá ní alaalẹ́.