Ogún Àwọn Adémọ́lá

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ a ti máa hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ kí ìyá tó wó. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ipò baba, ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n oríṣi ìrọ́pò méjì ló wà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìkíní ni ti oyè, tí ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ oyè kò lè dé. Ìkejì ni ti iṣẹ́ tí a ń kọ́, bíi ti lọ́yà àti adájọ́. Kò sí baba tó lè bá ọmọ ṣe ìdánwò òfin.

Méjèèjì pàdé nílé Adémọ́lá ní Abẹ́òkúta. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì di Aláké ní 1920. Ọmọ rẹ̀, Adétòkunbọ̀, kàwé ní Cambridge, ó di lọ́yà ní 1934, májísíréètì ní 1939, Adájọ́ Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àti ti Nàìjíríà lápapọ̀ láti 1958 sí 1972. Nígbà tí Aláké wàjà ní 1962, oyè ṣí lọ sí ìdílé Gbádébọ̀. Adétòkunbọ̀ kò kúrò lórí àga ìdájọ́, torí baba rẹ̀ kọ́ ló fi í sílẹ̀ fún un. Adénẹ́kàn ọmọ rẹ̀ náà di adájọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òun náà kọ́ òfin kó tó débẹ̀.

Ìlà baba nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà nínú irú ilé báyìí. Bẹ́ẹ̀, Kòfowórọlá, aya Adétòkunbọ̀, ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ní 1935. Eric Moore, baba rẹ̀, ti ń ṣe lọ́yà l'Ékòó kí ọkọ rẹ̀ tó di lọ́yà. Òfin ti wà nílé tí aya náà ti wá. Ó yẹ kí èyí tètè yé wa ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, ìlú ìbejì, níbi tí a ti mọ̀ pé ìbejì a máa gba ilé ìyá wọlé.

Irú ilé báyìí wà lókè òkun náà. Ní Amẹ́ríkà, Alphonso Taft jẹ́ adájọ́ àti mínísítà. William Howard, ọmọ rẹ̀, ṣe ààrẹ láti 1909 sí 1913, ó sì di Adájọ́ Àgbà ní 1921. Robert, ọmọ William, di sẹ́nétọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún un. Orúkọ baba sún un dé ẹnu ọ̀nà ni, kò ṣílẹ̀kùn.

Nítorí náà, òwe wa kò purọ́: ilẹ̀ kan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ta gbòǹgbò tirẹ̀. Kí ọmọ àgbẹ̀ Ìbàràpá tí kò ní lọ́yà kankan nílé má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Nígbà tí Sapara Williams di lọ́yà ní 1879, kò sí ọmọ ilẹ̀ wa kankan tó ṣáájú rẹ̀. Ilé òfin tó lórúkọ jù lọ náà, ẹnì kan tí kò rí ẹni tẹ̀ lé ló dá a sílẹ̀.