Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Obìnrin Má Jáde Lálẹ́

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adìẹ ni wọ́n ń bá wí, akátá sì ń rìn kiri ní tirẹ̀.

Láti ọdún 1975 ni apànìyàn kan ti ń lúgọ de obìnrin ní Leeds, Bradford àtàwọn ìlú tó yí wọn ká. Kí lọlọ́pàá rí sọ? Wọ́n ní kóbìnrin má dá rìn lálẹ́, kó kúkú jókòó sílé bí kò bá sọ́kùnrin tó máa sìn ín. Ìmọ̀ràn náà dára létí, àbí? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní láíbìrì di alẹ́ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ òru ńkọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, 1977, àwọn obìnrin tú síta ní Leeds àti láwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń tan iná kiri ìgboro. Wọ́n ní àwọn náà ló ni òru. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń pànìyàn, kí ló dé tí wọn ò ní kí ọkùnrin jókòó sílé?

Ní 1979, ẹnì kan fi téèpù ránṣẹ́ pé òun ni apànìyàn náà. Irọ́ ni, àmọ́ ọlọ́pàá gbà á gbọ́, wọ́n wá ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Sunderland. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, apànìyàn gan-an pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Yunifásítì Bradford kan, ọmọ ogún ọdún. Lóṣù kọkànlá 1980, ó tún pa ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Leeds. Bọ́ọ̀sì ni ọmọ náà wọ̀ bọ̀. Ìrìn díẹ̀ ló kù kó dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1981 lọ́wọ́ tó tẹ Peter Sutcliffe ní Sheffield, nọ́ńbà ayédèrú lára mọ́tò rẹ̀ ló tú u fó. Obìnrin 13 ló ti pa. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án sì ni ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní kó máa lọ!

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fọ́mọ yín kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lálẹ́, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn aláṣẹ ilé ìwé náà pé: iná ojú ọ̀nà dà? Ta ló ń ṣọ́ ọgbà? Bí ọmọ bá mú ẹjọ́ wá, ta ló ń gbọ́ ọ?