Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ńláńlá ní Kpalsi àti Tamale

Kpalsi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Tamale ní àríwá Gánà, níbi tí Dagbani ti jẹ́ èdè abínibí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé inú ìwé àti ẹnu olùkọ́ ni ọmọ ti sábà máa ń bá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá pàdé. Ipò yìí kò ṣẹ̀yìn ìjọba amúnisìn, tí ó kó olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Gambaga wá sí Tamale ní 1907, tí ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1909, ṣùgbọ́n tí kò fi ìkánjú kankan mú ẹ̀kọ́ girama dé apá ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Mfantsipim ti bẹ̀rẹ̀ ní Cape Coast ní gúúsù láti 1876, bẹ́ẹ̀ ni ó di 1951 kí ìjọba tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Tamale; ìdádúró ọdún 75 yìí sì pa àwọn ọmọ àríwá lára gidigidi.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí a ṣe fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ líle ni ó sábà ń fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle. Michael West, tí ó ti ṣiṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Bengal, ni ó wá ojútùú sí i ní 1935, nígbà tí ó fi 1,490 ọ̀rọ̀ péré, nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, ṣàlàyé 18,000 ọ̀rọ̀ àti 6,000 àkànlò èdè. A. S. Hornby, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Japan, tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ ní 1942, èyí tí Oxford tún gbé jáde ní 1948, tí ó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn.

Lẹ́yìn tí WAEC, ìyẹn àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952, ìmọ̀ ọ̀rọ̀ di ohun tí ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ àti yunifásítì. Nínú ìdánwò náà, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì mú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù tàbí tí ó jẹ́ òdì kejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé frugal ni ẹni tí ń ṣọ́wó ná gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ahun, àti pé extravagant, onínàákúnàá, ni òdì kejì rẹ̀. Àhásórí lásán kò lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀.

Ní 2002, ìjọba Gánà pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa fi kọ́ni láti kíláàsì kìíní, ìpinnu tí ó ni ọmọ tí ń sọ Dagbani nílé lára jù, nítorí pé ó gba èdè tí ìtumọ̀ ìbá fi yé e lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí NALAP, ìyẹn ètò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti ìjọba Gánà, bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ni ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé tún gbilẹ̀ ní èdè Gánà 11, tí Dagbani sì wà lára wọn.