Òfin Tí Wọ́n Fi De Gègé ní Párísì

Ní ọjọ́ 10 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1355, àwọn ọ̀gá olùkọ́ ní Yunifásítì Párísì, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ́ ọ̀dọ́ ní gírámà, ọgbọ́n ìjiyàn àti ìwé Aristotle, forí korí, wọ́n sì gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó tọ́ kí a rántí lónìí, nígbà tí awuyewuye gba ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí bóyá ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi fóònù gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni àwọn ti ń gbà kọ́ni: ọ̀kan ni kí olùkọ́ máa rọra fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu kí ọmọ lè máa kọ ọ́ sílẹ̀, èkejì ni kí ó máa sọ ọ́ wàràwàrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn ọmọ yóò gbà á, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní í lè bá a. Àwọn ti dán méjèèjì wò, wọ́n ní èkejì ni ó sàn jù, nítorí náà kí olúkúlùkù máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ń kọ̀wé níwájú rẹ̀.

Òfin náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Olùkọ́ tí ó bá rú u, ọdún kan gbáko ni kò ní í kọ́ni, tí kò ní í joyè, tí kò sì ní í jẹ àǹfààní kankan láàárín ẹgbẹ́. Bí ó bá tún un ṣe, ìjìyà náà á di ìlọ́po méjì. Wọn kò sì gbàgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tí ó bá fi ariwo, tàbí òṣé, tàbí òkò sísọ dí olùkọ́ tí ń yára sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, yálà ó ṣe é fúnra rẹ̀ ni o, tàbí ó rán ìránṣẹ́ rẹ̀, ọdún kan ni wọn yóò fi yọ òun náà kúrò láàárín wọn. A kì í fòfin de òkò níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti sọ òkò rí.

Kí ni ọmọ ń sọ òkò lé lórí? Rue du Fouarre, òpópónà kan ní apá gúúsù odò Seine, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà. Koríko gbígbẹ ni ọmọ ń tẹ́ sílẹ̀ jókòó lé, òun náà ni ó sì fún òpópónà ní orúkọ. Ìwé wọ́n bí ojú. Awọ ẹran tí a fá, tí a sì nà, ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Gutenberg tó dé. Ọ̀dọ̀ olùtàwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà ìwé ní abala-abala, tí yóò sanwó, tí yóò dà á kọ, tí yóò dá a padà kí ó tó gba òmíràn. Ọmọ tí kò bá lówó abala, ẹnu olùkọ́ rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ohun tí ó bá rí kọ níbẹ̀ ni yóò gbé relé. Òkò tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ kì í ṣe ìwà ìpátá nìkan.

Síbẹ̀ n kò ní dá àwọn ọ̀gá lẹ́bi tán. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó tẹ orí mọ́ ìwé tí ó ń kọ lè kọ gbogbo rẹ̀ tán kí ó má lóye ẹyọ kan. Mo sì gbà pé ẹ̀rù kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí òfin wọn kò dárúkọ. Ní ìlú kan náà, ní ọdún 1277, Bíṣọ́ọ̀bù Étienne Tempier ti ka gbólóhùn 219 léèwọ̀, ẹ̀ka àwọn olùkọ́ wọ̀nyí gan-an ni ó sì dojú ìbáwí náà kọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tí ó fọ́ sórí koríko gbígbẹ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọmọ lè rìn dé iwájú bíṣọ́ọ̀bù láìsí ẹni tí ó sọ ọ́ níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Ẹ̀rù yìí náà ni ó wà lára àwọn tíṣà òde òní, n kò sì lè bú wọn: gbólóhùn kan tí a gé láti inú ẹ̀kọ́ wákàtí kan lè ba orúkọ tí ènìyàn fi ogún ọdún kọ́ jẹ́.

Ojútùú sì ti wà ní Párísì kí òfin náà tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá, nígbà tí John Duns Scotus, ọmọ Scotland, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì bá wọn yẹ ọ̀kan wò nínú àkọsílẹ̀ náà. Bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí lónìí nìyẹn: kí ọmọ tọrọ àyè, kí olùkọ́ yọ̀ǹda, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀. Èyí tí a fi fóònù pamọ́ sábẹ́ tábìlì gbà ni mo kọ̀.

Ẹni tí ó bá ní kí a kúkú fòfin dè é pátápátá, kí ó lọ bi àwọn onímọ̀ èdè léèrè. Láàárín ọdún 1907 sí 1911, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ferdinand de Saussure kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Geneva ní ẹ̀kọ́ lórí ohun tí èdè jẹ́. Ó kú ní 1913 láìtẹ ìwé kankan jáde lórí rẹ̀. Charles Bally àti Albert Sechehaye, tí àwọn fúnra wọn kò sí ní kíláàsì náà, ṣa àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1916. Bí kò bá sí gègé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, Saussure ì bá ti gbé ọgbọ́n náà lọ sí sàréè.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa náà, ní Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin, ikú bàbá yèyé. Ní 1951 ni William Bascom, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú Sàlàkọ́, àgbà tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìmọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹnu àgbà ni a ti ń gbà á, tí ọkàn sì jẹ́ àpótí rẹ̀, Sàlàkọ́ sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà, ẹsẹ kan tẹ̀lé èkejì. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gbọ́ òun, kò sí ẹni tí ó jí ohùn rẹ̀ gbà. Ìwé tí Bascom ṣe láti inú ohùn náà jáde ní 1980 ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olórìṣà ní Amẹ́ríkà tí wọn kò fojú kan Ọ̀yọ́ rí sì ń kọ́ ẹsẹ láti inú rẹ̀ títí di òní.