Ìdàlẹ̀ ni, kì í ṣe ìdìtẹ̀

Bí ọmọ Ifẹ̀ (àwọn kan ń pè wọ́n ní Ana) tó wà ní Elavagnon, ní Tógò, bá fẹ́ sọ ohun tí Ààrẹ lè ṣe tí ìjọba á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Faransé ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu: haute trahison. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà nínú ìwé òfin Tógò ti ọdún 1992, kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé náà ní 2024. Ọmọ Ìbàdàn á ní gross misconduct ni tiwọn, torí ohun tí abala 188 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 wí nípa gómìnà nìyẹn.

Àwọn oníròyìn wa sábà máa ń pe trahison ní ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Ìyẹn dáa fún sójà tó fẹ́ gbàjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga, ṣé ara rẹ̀ ló máa dìtẹ̀ mọ́ ni? Ìdàlẹ̀ lèmi fara mọ́. Ẹ wo abala 74 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin ti 1990, tó to ohun tí wọ́n ń pè ní haute trahison: kí Ààrẹ yẹ ìbúra rẹ̀, kí ó lọ́wọ́ nínú títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ lọ́nà tó burú, kí ó yọ apá kan ilẹ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó ṣe ohun tó máa ba àyíká jẹ́. Ẹni tó mulẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́, ọ̀dàlẹ̀ la ti ń pè é láti ayébáyé. Ilẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà sì tún gba ilẹ̀ tí wọ́n gbé fún àjèjì àti ilẹ̀ tí wọ́n dà májèlé sí. Kò yẹ ká tún máa wá ìtumọ̀ fún haute; ìdàlẹ̀ kékeré ò sí.

Gross misconduct ló ṣòro. Ìwà ìbàjẹ́ ti di orúkọ owó jíjẹ. Bí a bá pè é ní àṣemáṣe, ọkàn àwọn èèyàn á ti lọ sí ọ̀rọ̀ obìnrin. Àṣìṣe sì fúyẹ́ jù. Òfin pín in sọ́nà méjì: rírú ìwé òfin lọ́nà tó burú jáì, tàbí ìwà tí ilé aṣòfin bá kà sí bẹ́ẹ̀. Títẹ òfin lójú ni mo fi gbé ti àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, kí atúmọ̀ má ṣe fo “kà sí” yẹn, torí ibẹ̀ lagbára wà. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè Aláàfin, láyé àtijọ́: bí wọ́n bá ti láwọn kọ Aláàfin, ọba á ṣígbá wò. Baṣọ̀run Gáà, olórí wọn, sì fi agbára yẹn dá oró.

Wọ́n ti fi òṣùwọ̀n sí tòde òní: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn yọ Rashidi Ládọjà, gómìnà Ọ̀yọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kì í ṣe 18. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyọnípò náà kò bófin mu, Ládọjà sì padà sórí àga.

Ọ̀rọ̀ impeachment fúnra rẹ̀ ńkọ́? A ti sọ gbogbo rẹ̀ di “yọ nípò”. Bẹ́ẹ̀, ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ṣe é fún Trump ní 2019 àti 2021, ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì dá a láre lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ta ni wọ́n wá yọ? Ẹ̀sùn ìyọnípò ni wọ́n fi kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn, bí àwọn aṣòfin bá kàn fọwọ́ síwèé, tàbí tí wọ́n dìbò pé kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje wádìí gómìnà, ẹ̀sùn ìyọnípò ni kí ẹ pè é. Ẹ fi “wọ́n ti yọ ọ́” sílẹ̀ di ọjọ́ tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá gba àbọ̀ ìwádìí náà wọlé.