Ta ló ń ṣojú Onípáànù ní Aláùsá? Àwọn olùdíje, èsì ìdìbò àtẹ̀yìnwá àti ọ̀rọ̀ owó ilé yín

Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Onípáànù ló bi mí ní ìbéèrè tó fa ohun tí mò ń kọ yìí. Pósítà olùdíje kan ló wà níwájú rẹ̀, òkìtì gọgọrọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí à ń tẹ pósítà wọn yìí, kí gan-an ni wọ́n ń lọ ṣe ní Aláùsá?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé niṣẹ́ ibẹ̀. Tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ojú gbogbo olóṣèlú la máa ń rí lórí bébà níbẹ̀ kó tó dé ara ògiri. Èmi náà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn láti ìgbà tí mo ti jáde ní pólì, mo fẹ́ fi ẹnu kan dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì há mi lọ́fun. Mo mọ gómìnà. Mo mọ alága kánsù. Aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú àdúgbò tí mo dúró sí ńkọ́? Àfi kí n yọ fóònù.

Kí n tó rí i, ó ti yí ọ̀rọ̀ sí owó ilé. Yàrá kan ló fẹ́ gbà, lánlọ́ọ̀dù ní kó san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, éjẹ́ńtì sì ní owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn tún wà lọ́tọ̀. Ìbéèrè méjì ló bi mí lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀ pé ilé kan náà ni ìdáhùn méjèèjì wà. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ.

Ilé wo là ń sọ gan-an?

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláùsá, Ìkẹjà, là ń sọ. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ti Àbújá o. Ní Àbújá, Ademorin Kuye ni wọ́n dìbò fún ní 2019 àti 2023 láti ṣojú Ṣómólú nílé aṣojú-ṣòfin. Sẹ́nétọ̀ ni Tokunbo Abiru, tó ń ṣojú ìlà oòrùn Èkó: Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Wọn kọ́ ló ń ṣòfin lórí owó ilé yín. Àwọn ti Aláùsá ni.

Ní 2011, ilé yẹn ṣe òfin ayálégbé, Gómìnà Babatunde Fashola sì fọwọ́ sí i. Òfin náà ní lánlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé, tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ gba ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú òfin náà. Wọn ò yọ Onípáànù. Ní 2025, àbádòfin tuntun tún dé iwájú ilé, tó fẹ́ kí owó éjẹ́ńtì má kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan.

Yàtọ̀ sí òfin, àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀, àwọn ni wọ́n ń yẹ àwọn kọmíṣọ́nà wò kí wọ́n tó gbaṣẹ́, àwọn náà ni òfin fún lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ètò yíyọ gómìnà.

Ìjókòó mélòó ló wà níbẹ̀?

Ogójì. Abala 91 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ má dín sí 24, kó má sì ju 40 lọ. Èkó ti dé góńgó. Ìjọba ìbílẹ̀ ogún ni INEC mọ̀ ní Èkó, méjì-méjì ni wọ́n sì pín kálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ Ṣómólú Kìíní àti Ṣómólú Kejì.

Ibi tó ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni Bàrígà. Bàrígà ní kánsù tirẹ̀, ó ní alága, ó ní káńsẹ́lọ̀. LCDA ni. Ó wà lára 37 tí Gómìnà Bola Tinubu dá sílẹ̀ ní 2003. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2004 pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ wọ́n sínú ìwé òfin. Nítorí náà, tó bá di ìdìbò kánsù, tí àjọ LASIEC ń ṣe, Bàrígà dá dúró. Tó bá di ìdìbò aṣòfin ìpínlẹ̀, tí INEC ń ṣe, abẹ́ Ṣómólú ni Bàrígà wà. Ẹ má fi orúkọ kánsù yín mọ ẹkùn ìdìbò yín.

Ta ló wà níbẹ̀?

Ní Ṣómólú Kìíní, Rotimi Olowo ló wà níbẹ̀ fún sáà mélòó kan, tó fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé lórí ètò ìṣúná. Ní 2023, ìjókòó náà bọ́ sọ́wọ́ Samuel Apata. Ní Ṣómólú Kejì, Rotimi Abiru ni. Òun kì í ṣe àlejò nílé yẹn. Òun ni olórí àwọn olùtọ́nisọ́nà ilé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yọ ọ́ nípò ní oṣù Kẹta 2020. Gbogbo wọn, APC ni.

Kí ẹ tó sọ pé ipò aṣòfin kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ rántí oṣù Kìíní 2025. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, àwọn aṣòfin yọ abẹnugan wọn, Mudashiru Obasa, wọ́n sì fi Mojisola Meranda tó wá láti Àpápá sípò, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Meranda kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, Obasa sì padà. Gbogbo Èkó ló ń wòran. Àwọn ogójì ènìyàn yẹn ló ń jìjà náà, ìbò wa ló gbé wọn débẹ̀.

Èsì ìdìbò àtẹ̀yìnwá

Láti 1999, ìdílé òṣèlú kan náà ló ń ṣàkóso Èkó. Orúkọ ló ń yí padà: AD ní 1999 àti 2003, AC ní 2007, ACN ní 2011, APC láti ìdàpọ̀ 2013 títí di òní. Ọjọ́ kan náà la máa ń dìbò gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀, torí náà mo to méjèèjì pọ̀:

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2015: Akinwunmi Ambode (APC) 811,994, Jimi Agbaje (PDP) 659,788. Nílé aṣòfin, APC 32, PDP 8.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2019: Babajide Sanwo-Olu (APC) 739,445, Jimi Agbaje (PDP) 206,141. Nílé aṣòfin, APC 40, alátakò òdo.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023: Sanwo-Olu (APC) 762,134, Gbadebo Rhodes-Vivour (LP) 312,329, Abdul-Azeez Adediran (PDP) 62,449. Nílé aṣòfin, APC 38, LP 2, Amuwo-Ọ̀dọ̀fin sì ni méjèèjì ti wá.

Ẹ wo 2015 dáadáa. Nígbà tí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 152,206, alátakò rí ìjókòó mẹ́jọ. Ní 2019, àlàfo di 533,304, wọn ò rí ẹyọ kan. Àwọn mẹ́jọ ti 2015 pàápàá, kí sáà wọn tó parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá sínú APC.

Ẹ tún wo 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, LP ló borí ìdìbò ààrẹ l'Ékòó, 582,454 sí 572,606 ti APC. Ìyàtọ̀ 9,848 péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìbò LP já wálẹ̀ sí 312,329. Ìbò 270,125 ló pòórá. Ìhàlẹ̀ àti ìdẹ́rùbani wáyé láwọn ibùdó kan lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ṣọ́ ìdìbò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tí a bá ti dìbò ààrẹ tán, ìdìbò ti parí. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ. Ìdìbò kejì tá a fojú di yẹn ló ń yan ẹni tó ń ṣòfin lórí yàrá tá à ń sùn.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹni 7,060,195 ló forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó fún ìdìbò 2023. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ogójì, aṣòfin kan ń ṣojú bíi 176,500 olùdìbò. Ìbò àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ní ti gómìnà jẹ́ 1,136,912. Kò tó ẹni méjì nínú mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀. Pín ìyẹn náà sí ogójì, ó di bíi 28,400. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 14,200. Kì í ṣe èsì ẹkùn kankan o, ìṣirò lásán ni, ṣùgbọ́n ó fi bí ojú ọ̀nà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó hàn wá.

Ẹ wá wo òdìkejì. Abala 110 fún wa láǹfààní láti pe aṣòfin padà sílé. Àmọ́ ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, kí INEC tó wá ṣe ìdìbò lórí rẹ̀. Ìdajì 176,500 jẹ́ 88,250. Ìbò bíi 14,000 lè gbé ènìyàn wọlé. Láti mú un jáde kí ọdún mẹ́rin tó pé, ẹ máa nílò ju 88,000 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká yẹ olùdíje wò kó tó wọlé.

Ta ló lè díje?

Abala 106 ló sọ ọ́: ọmọ Nàìjíríà, tó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ẹgbẹ́ náà sì fà kalẹ̀. Kò sí olùdíje adádúró. Ọjọ́ orí tẹ́lẹ̀ jẹ́ 30. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018 sọ ọ́ di 25. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ti pé 25, òfin ti ṣílẹ̀kùn fún yín. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni ẹnubodè tó kù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń parí ọ̀pọ̀ nǹkan l'Ékòó kí ẹ tó rí pósítà ẹyọ kan.

Ẹni tó bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ní ìdìbò ní ọjọ́ 21 láti gbé ẹ̀sùn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ lẹ́yìn ìkéde èsì. Ìgbìmọ̀ náà ní 180 ọjọ́ láti dájọ́. Ti aṣòfin ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló ń parí rẹ̀, kì í dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Aṣòfin tó bá sì fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀, abala 109 ní kó pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi tí ìyapa bá wà nínú ẹgbẹ́ tàbí tí ẹgbẹ́ náà bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ tiyín?

Ẹ mú káàdì ìdìbò yín. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀, 24 sì ni ti Èkó. Ìkejì ni ìjọba ìbílẹ̀, ìkẹta wọ́ọ̀dù, ìkẹrin ibùdó ìdìbò yín gan-an. Wọ́ọ̀dù yẹn ló máa sọ bóyá Kìíní ni yín tàbí Kejì. Lọ́jọ́ ìdìbò, orúkọ ẹkùn yín máa ń wà lórí ìwé èsì tí wọ́n bá kọ ní ibùdó. Ẹ má tètè lọ sílé, ẹ dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe kà á.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn, mo fi òfin 2011 hàn án lórí fóònù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi èyí han éjẹ́ńtì, ṣé ó máa gbà?" Mo ní ó lè má gbà. Ó lè ní kó lọ wá ilé síbòmíràn, torí ẹlòmíràn tó máa san ọdún méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin wà, ẹni tó máa bójú tó o ni kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Torí náà, tí olùdíje 2027 bá dé àdúgbò yín pẹ̀lú ìrẹsì àti fìlà, ẹ kí i dáadáa, ẹ sì bi í ní mẹ́ta péré. Kí lo máa ṣe kí òfin 2011 lè múni? Kí lèrò ẹ lórí owó éjẹ́ńtì? Tó o bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ tó gbé ọ wọlé sílẹ̀, ṣé wàá kọ́kọ́ padà wá bi wá? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn pósítà rẹ̀ ṣófo, ó dára fún kíkọ nǹkan.