Ọpọ́n Ìmọ̀ àti Àwọn Ẹ̀rọ Mìíràn Tí A Tún Ètò Wọn Ṣe: Bí A Ṣe Ń Mú Wọn Dójú Ìwọ̀n Láìséwu

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ wa gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, a sì lè kà wọ́n láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Android ni ètò tó ń darí rẹ̀, èyí tí a tún ṣe fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́.

Ìdí tí ìmúdójúìwọ̀n fi ṣe pàtàkì

Ní oṣù Keje ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kéde àléébù Android kan tí a ń pè ní Stagefright. Fídíò tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù nìkan tó láti ṣílẹ̀kùn fún olè. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe wọ̀nyí kì í dédé dé orí ẹ̀rọ tí a ti yí ètò rẹ̀ padà. Ẹni tó yí i padà ni yóò mú wọn wá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ètò náà gan-an ni kí ẹ ti gba fáìlì, bí àpẹẹrẹ LineageOS. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.
2. Ẹ rí i dájú pé irú ẹ̀rọ yín gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí kò bá a mu lè ba ẹ̀rọ jẹ́ pátápátá.
3. Ẹ fi àmì SHA-256 fáìlì náà, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, wé èyí tí àwọn tó ṣe é kọ síta. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́.
4. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwòrán àti ìwé yín síbòmíràn, kí ẹ sì gba iná sí bátìrì dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí Ọpọ́n Ìmọ̀ bá ṣì wà nílé yín

Ẹ̀yin ará Ìkòyí ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, àti ẹ̀yin ará Apòmù àti Ìkirè, Android ọdún 2013 kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ẹ̀rọ náà kàwé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi áàpù báńkì, BVN tàbí NIN sórí rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.